Àtùpà Tí Kò Kú

Ẹni tó bá ní omi ò lọ́tàá, kó wá tún un sọ lójú èmi Hàlímọ̀tù ní ilé wa ní Joju. Mi ò mọ ohun tí màá fi fún un, bóyá ìfọ́tí ni.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kúbùsù, níbi tí Nùrẹ́nì ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, lé àwọn òṣìṣẹ́ dànù, ni Nùrẹ́nì bá padà sídìí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní Ìwó, kànga gbígbẹ́. Mi ò fẹ́ ẹ rárá. Inú kànga ni wọ́n ti gbé òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ojú mi ló ṣe. Mo ní kó lọ máa ru bíríkì, kó lọ máa ti ọmọlanke, iṣẹ́ kì í ṣe ìtìjú. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Àdìzát, ẹ̀gbọ́n mi ò tan àtùpà ni."

Ohun tó ń wí ni pé àwọn agbẹ́kànga kì í déédéé kó sínú kànga. Wọ́n á kọ́kọ́ tan àtùpà, wọ́n á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bó bá kú, atẹ́gùn burúkú ń bẹ níbẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bó bá ń jó, kò séwu. Mo mú Nùrẹ́nì búra pé kò ní wọ kànga kankan láìjẹ́ pé àtùpà jó. Ó búra, ó sì ń mú un ṣẹ.

Nígbà tó yá, kànga ilé tiwa náà gbé tiẹ̀ dé. Omi á wà láàárọ̀, àmọ́ kí ìdajì àwọn ayálégbé tó pọn, ẹrẹ̀ ló ń kù. Bàbá onílé wa, Alàgbà Ọ̀ṣìnúbí, ní àwa obìnrin là ń fi omi ṣòfò, ló bá fi àgádágodo ti ìdérí kànga. Ẹ̀rín pa mí. Ṣé kọ́kọ́rọ́ ló ń sun omi ni? Nùrẹ́nì so òkúta mọ́ okùn, ó jù ú sísàlẹ̀, ó wo ibi tí okùn tutù dé. Ó ní iyanrìn ti ya wọlé lábẹ́ rìǹgì tó kẹ́yìn, àwọn òrùka kọnkéré tí wọ́n tò sínú kànga, ó ti dí ojú ìsun. Ó ní kí wọ́n gbọ́n omi rẹ̀ tán, kí òun kó iyanrìn náà kúrò, omi á dé.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n dáwọ́ lé e, èmi ni mo tan àtùpà. Ó jó. Nùrẹ́nì àti Adébọ̀wálé, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, fi garawa gbọ́n omi títí apá fi ń ro wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́n ọn ló ń sun. Ni bàbá onílé bá lọ yá pọ́ǹpù oníbẹntiróòlù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kọ́lé ní Oju Ore. Wọ́n gbé e sẹ́bàá kànga, kò lè fa omi, kànga náà ti jìn jù fún un. Adébọ̀wálé ní bí kò bá lè fà á látòkè, ẹ jẹ́ kó wọlé lọ bá omi. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí gbogbo wa. Wọ́n ki pákó sínú àwọn ihò tí wọ́n dá sára rìǹgì fún ẹsẹ̀, wọ́n sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ sórí rẹ̀. Nùrẹ́nì sọ̀kalẹ̀ lọ tan án, ó sì tètè gòkè.

Omi ń tú. Gbogbo obìnrin ilé ń gbé korobá, à ń ṣàwàdà. Mo ní kí bàbá onílé wá fi àgádágodo ti eléyìí náà. Òun pàápàá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí omi gbẹ, pọ́ǹpù kú, wọ́n sì fà á jáde. Bàbá onílé ní kí Nùrẹ́nì tètè wọlé kí omi tó tún kún. Nùrẹ́nì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ àtùpà kalẹ̀ ná." Mo ti tàn án. Mo ń sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa bẹjú wolẹ̀. Iná rẹ̀ ò tilẹ̀ mì.

Mo ní, "Ó ń jó, Bàbá Àdìzát."

Ó ní, "Mo rí i." Ó wí bísímílà, ó fẹsẹ̀ lé ihò rìǹgì. Mo fa àtùpà sókè díẹ̀ kọjá orí rẹ̀, mo so okùn rẹ̀ mọ́ òpó tó wà lẹ́bàá kànga, kó lè máa fi ríran.

Ó kó korobá iyanrìn kan, Adébọ̀wálé fà á sókè. Ìkejì ò kún. Adébọ̀wálé mi okùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo pè é ní Bàbá Àdìzát, mo pè é ní Nùrẹ́nì, mo pe oríkì tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Mo ń wò ó. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó fẹ̀yìn ti rìǹgì bí ẹni tó ń sinmi, àtùpà sì ń tàn sí i lójú. Adébọ̀wálé so okùn mọ́ra, ó wọ̀ ọ́, kò tíì dé ìdajì tó fi ké pé òyì ń kọ́ òun. A fà á jáde, ó ń bì. Ìgbà tí wọ́n fi rí ìkọ́ tí wọ́n fi gbé Nùrẹ́nì, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

Ẹni tó ni pọ́ǹpù dé, ó ní èéfín ẹ́ńjìnnì tó há sínú kànga ló pa á. Ó ní àtùpà ò mọ èéfín ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn burúkú ti àtijọ́ nìkan ló mọ̀. Ta ló bi í? Nígbà tó ń yá wọn ní pọ́ǹpù, ṣé ẹnu rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ni?

Omi tí a pọn nígbà tí à ń ṣàwàdà ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, mo padà sẹ́bàá kànga. Okùn àtùpà ṣì wà lára òpó níbi tí mo so ó mọ́. Mo bẹjú wò ó. Omi ti sun, ó mọ́ gaara, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí àtùpà. Mo fà á sókè, ó ṣì ń jó. Mo bú u títí ohùn mi fi há, kò kú. Èmi náà ni mo fi ẹnu mi fẹ́ ẹ pa.