Búrẹ́dì Ìyá Wiola

Lọ́jọ́ tí Vlasta, ará Czech, sọdá afárá odò Olza lọ sí ọjà Kérésìmesì ní Cieszyn nílẹ̀ Polandi, kì í ṣe ọjà ló ń lọ ná, ojú rere àna ló ń wá. Radim ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ Wiola, ọmọ Polandi. Ṣùgbọ́n Otylia, ìyá Wiola, ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò fi ọmọ fún ará òdìkejì odò. "Obìnrin yẹn" ló máa ń pe Vlasta, kódà níṣojú rẹ̀.

Ìsọ̀ búrẹ́dì Otylia wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta wáìnì gbígbóná. Àwọn àlejò tó wọ bọ́ọ̀sì wá láti Warsaw ti tò síbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Wiola. Ajé á wọgbá."

"Hẹn." Otylia ò gbójú sókè. "Wiola, gé díẹ̀ fún obìnrin yẹn kó fi panu."

Vlasta jẹ ẹ́. Ká má parọ́, búrẹ́dì náà dùn. Ó gbóhùn sókè kí gbogbo ọjà lè gbọ́: "Čerstvý! Čerstvý ni búrẹ́dì yìí!"

Yéè! Èdè Czech àti èdè Polandi jọra bí ọmọ ìyá, àmọ́ ọmọ ìyá náà a máa jà. Lẹ́nu Vlasta, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò ni ọ̀rọ̀ yẹn. Létí ará Warsaw, búrẹ́dì àná tó ti le gbagidi ni. Plzeň, ọ̀nà jíjìn nínú ilẹ̀ Czech, ni wọ́n ti bí Vlasta, kò mọ̀.

Obìnrin kan tó ti nawọ́ sí búrẹ́dì fa ọwọ́ padà. Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ gbọ́ ná, èèyàn wọn fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí i!"

Vlasta rò pé wọn ò gbọ́ dáadáa ni. Ó tún pariwo ọ̀rọ̀ náà. Ìlà tú ká.

Wiola sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i létí. Omi lé sójú Vlasta. Ìgbéyàwó ọmọ òun ti dàrú nìyẹn, ẹnu òun ló sì dà á rú.

Otylia fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jáde síwájú ìsọ̀. Etí odò yìí ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ èdè méjèèjì bí ẹni mowó. Vlasta ń dúró de èébú. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín ni Otylia kọjú sí.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Àna mi sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò ni! Ẹni tí kò gbọ́ èdè aládùúgbò rẹ̀, kó lọ ra ti Warsaw jẹ!"

Nínú gbogbo rẹ̀, "àna mi" nìkan ni Vlasta gbọ́. Ó nu ojú, ó bọ́ sẹ́yìn tábìlì, ó mú ọ̀bẹ.

"Ẹ máa gé e lọ, Ìyá Radim," ni Otylia wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi polówó mọ́."