Ibi Tí Ẹṣin Máa Ń Dúró

Ìyá Pátákò ju okùn ìjánu sílẹ̀, ó sì bá ẹṣin sọ̀rọ̀ bí adájọ́ ṣe ń bá ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀.

"Ó yá. Mú mi lọ síbi tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń lọ."

Abo ẹṣin pupa náà gbọn etí, ó gbéra. Ìyá ká ìró rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sin Bàbá Pátákò, ọkọ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ òní ni ọkùnrin tó fẹ́ ra ẹṣin yóò wá fà á lọ. Kí ẹṣin náà tó lọ, ó ní ohun tí yóò kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Kì í ṣe pé bàbá náà kì í ṣe èèyàn rere o. Ta ló ń gbé omi fún àwọn arúgbó abúlé? Òun ni. Ta ló ń gbé aláìsàn lọ sí kílíníìkì, tó ń gbé ọmọ ilé ìwé sọdá odò nígbà òjò, tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Òun náà ni. Àmọ́ kílíníìkì kò jìnnà sílé, oòrùn kì í sì í tíì wọ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ń tì í. Kí ló dé tí ilẹ̀ á ti ṣú kí ọkọ rẹ̀ tó wọlé? Bó bá bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mo yà síbì kan ni." Títí ó fi kú, ibì kan náà kò lórúkọ. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó bá ìyá níbi tó ti ń kọrin, ó wò ó títí, ó ní, "Ohùn rẹ dà bí ti ẹṣin." Láti ọjọ́ náà, bí ìyá ti ń fi orin dáná tó, tó bá ti gbọ́ ìró pátákò lẹ́nu ọ̀nà, á pa ẹnu rẹ̀ dé bí ìdérí ìkòkò. Ọkùnrin tó fi ìyàwó wé ẹran, ó ní láti jẹ́ pé ó ti rí ẹni tó ń fi wé ẹyẹ níbòmíràn.

Ẹṣin kọ́kọ́ dúró lójúde bàbá afọ́jú kan. Bàbá náà ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo síta, ó ní, "O pẹ́ lónìí, ọ̀rẹ́ mi." Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó fa kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà wọlé. Ó dun ìyá, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró.

Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, ẹṣin yà fúnra rẹ̀ sọ́dọ̀ obìnrin aránṣọ kan. Òun ṣáà ti mọ̀. Ẹkún ta ló ga ju ti opó lọ níbi ìsìnkú? Lóòótọ́, ẹsẹ̀ aránṣọ kò ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń gbé gun ẹṣin, tí wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀, ta ló mọ ohun tí apá ń bá ara sọ?

"Ọ̀dọ̀ rẹ ló máa ń yà sí?" Ìyá kò tilẹ̀ kí i.

Aránṣọ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. "Màmá, bí wọ́n bá gbé mi dé láti kílíníìkì, omi mi pàápàá wọn kì í mu. Wọ́n á ní àwọn ń sáré, kó má bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àwọn."

"Kí ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Wọn ò sọ fún mi. Mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ni." Ó na ọwọ́, ó fi pa ẹṣin nímú. "Ẹ má bínú sí ẹkún mi, mà. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n sin lọ́jọ́ yẹn."

Ìyá tún gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Bí kì í bá ṣe eléyìí, ẹlòmíràn ni.

Ẹṣin kúrò lójú títì, ó wọ ọ̀nà tóóró kan nínú igbó, ọ̀nà tí pátákò ti lù dán. Ìyá ń to èébú jọ sẹ́nu bó ti ń lọ; ó to èyí tó mú jù síwájú. Wọ́n yọ sẹ́yìn ògiri kan tí èéfín ti kùn dúdú, ẹṣin sì dúró. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti jin bí ojú odó. Fèrèsé kékeré kan wà lára ògiri náà. Ìyá na ọrùn láti wo ojú onílé.

Ó rí ìkòkò tí etí rẹ̀ kan ti já. Ó rí àpótí ìjókòó tó tẹ̀ sápá kan. Ó rí àkísà tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ ìṣó láàárọ̀.

Ilé ìdáná òun ni.

Èébú tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fa ìjánu, ẹṣin kò mira. Ó dẹ etí sí fèrèsé bí ẹni tó ń retí àlejò. Láti iwájú ilé, ohùn ọkùnrin tó fẹ́ ra ẹṣin ń ké àgò. Ìyá fi ọwọ́ ti ògiri. Nígbà tó yá, orin tó máa ń fi dáná bọ́ sí i lẹ́nu, jẹ́jẹ́:

Atẹ́gùn, rọra fẹ́,
aṣọ mi ń bẹ lórí okùn.
Òjò, rọra rọ̀,
ẹni mi ń bẹ lọ́nà.

Ẹṣin dúró títí orin fi parí. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, ó sì kọjú sílé.

Ohùn rẹ dà bí ti ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ wí. Kí ló sì fẹ́ràn láyé tó ju ẹṣin lọ?

Àlejò tún ké àgò. Ìyá tún orin náà mú láti òkè, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde bó ṣe rí. Ẹṣin gbọ́, ó dúró.