Ìlẹ̀kẹ̀ Afẹ́fẹ́ Nínú Ife

Abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọgbọ̀n ni ìlẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ yọ nínú ife omi.

Ìyá Asẹ́ kò mí. Ó di ọwọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mú gírígírí, ó ń wò. Ìkejì yọ, ìkẹta tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń sáré jáde lẹ́nu rọ́bà tó wá láti ara asẹ́, bí ìgbà tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ já.

Ààdọ́ta, ó kéré tán, ló yẹ kí abẹ́rẹ́ náà kàn kí afẹ́fẹ́ tó rí ọ̀nà. Ihò asẹ́ tó wà nínú kólóbó irin níwájú rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò àìfojúrí ò lè gbà á kọjá. Bí wọ́n bá ti sẹ́ omi òdòdó tán, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ ti asẹ́ náà nígbà tó ṣì tutù. Omi tó há sínú ihò rẹ̀ ni yóò dínà fún afẹ́fẹ́. Bí asẹ́ bá ti ya, afẹ́fẹ́ á yọ kíá, a jẹ́ pé kòkòrò náà ti kọjá.

Irinwó lítà ló wà nínú àwọn àgbá irin lẹ́yìn rẹ̀, omi òdòdó tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án sè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sè é, tó gba òróró rẹ̀ sọ́tọ̀, tó sì gbé omi tó kù fún un láti sẹ́. Ilé ìwòsàn tó ń rà á ń fín in sára àwọn tí iná jó. Lóṣù tó kọjá, wọ́n dá àgbá méjì padà torí pé ohun kan bí òwú ń léfòó nínú wọn. Lẹ́tà wọn kò gùn: bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má ṣe gbé omi wá mọ́. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ra asẹ́ tuntun yìí, ọ̀kan ṣoṣo. Bó bá ti ya, ilẹ̀ ni yóò mu irinwó lítà náà.

Ẹnì kan kan gíláàsì ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kò lè wọlé. Ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá asẹ́ bí iṣẹ́ bá ń lọ.

"Ìyá Asẹ́! Awakọ̀ ti dé o. Ó ní bó bá ti di aago méjìlá, òun ń lọ."

"Kó dúró."

"Kó dúró kẹ̀? Ṣé mo so ó mọ́lẹ̀ ni? Asẹ́ ńkọ́?"

Ìyá Asẹ́ nàka sí ife. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ imú mọ́ gíláàsì títí imú náà fi pẹlẹbẹ. Nígbà tó rí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, ojú rẹ̀ rọ.

"Bóyá géèjì ni ò dáa."

"Àárọ̀ yìí ni mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Wo omi ọ̀hún, àbúrò. Ó mọ́ gaara."

"Ti oṣù tó kọjá náà mọ́ gaara nígbà tí ẹ gbé e sọ́kọ̀."

"Ọ̀rọ̀ rẹ mú ju abẹ lọ." Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́ ká fi ránṣẹ́, ká máa gbàdúrà."

"Ara ẹni tí iná jó ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin ẹ máa gbàdúrà. Èmi ò ní fọwọ́ sí ìwé."

Láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀, àgbá kankan ò lè jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Asẹ́ pa afẹ́fẹ́, ó ṣí ìwé iṣẹ́, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀. Ní ìlà kẹjọ, ìka rẹ̀ dúró. *Fi ogún lítà omi mímọ́ fọ asẹ́ kí o tó dán an wò.*

Kò fọ̀ ọ́. Ogún lítà náà wà nínú kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀, a kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ti wò ó láàárọ̀, ó ní asẹ́ tó ti tutù, kí la tún fẹ́ rin ín fún? Ó ní ìnákúnàá ni. Ṣùgbọ́n omi òdòdó kì í ṣe omi lásán. Bó ti wù kí wọ́n gba òróró rẹ̀ tó, díẹ̀ á ṣẹ́ kù, díẹ̀ yẹn a sì máa tú ọwọ́ omi nínú ihò asẹ́, bí ọṣẹ ṣe ń ṣe. Asẹ́ tí kò ní àbùkù náà lè tipa bẹ́ẹ̀ jọ èyí tó ya. Ó sì lè jẹ́ pé ó ya lóòótọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ahun ni mo ṣe."

"Ahun báwo?"

"Omi ogún lítà ni mo ń ṣọ́. Mi ò fọ asẹ́. Òróró ṣì wà lára rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ya ẹnu. "Ìwọ? Ìwọ tó o fẹ́ bẹ́ mi lórí nítorí pé táàpù ẹ̀yìnkùlé ń kán?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá yá. Ẹ lọ bá mi dá awakọ̀ dúró."

"Kí n wí pé kí ni?"

"Ẹ bi í léèrè ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò sí awakọ̀ tí í dákẹ́ lórí ìyẹn."

Ó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ rọ́bà, ó jẹ́ kí omi máa kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá fi agbára tì í, asẹ́ náà á ya ní ti tòótọ́. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Fèrè ọkọ̀ dún níta. Kò gbójú sókè. Nígbà tó fi ṣófo, ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí aago méjìlá lù.

Ó ki rọ́bà bọnú ife, ó ṣí afẹ́fẹ́.

Ogún. Ọgbọ̀n. Kò sí nǹkan kan. Ó lé ní ogójì, ìlẹ̀kẹ̀ kan wú lẹ́nu rọ́bà, ó rọ̀ síbẹ̀, kò já. Fèrè tún dún, lẹ́ẹ̀mejì. Márùndínláàádọ́ta. Òógùn ń ṣàn sínú ìbòmú rẹ̀. Ààdọ́ta. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ṣì rọ̀ síbẹ̀. Ó kan mẹ́tàléláàádọ́ta kí gbogbo wọn tó tú jáde, níbi tó yẹ kí wọ́n ti tú.

Ó pa á. Ó kọ ọgbọ̀n sínú ìwé, ó kọ mẹ́tàléláàádọ́ta sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ìdí: *Mi ò fọ asẹ́ kí n tó dán an wò. Ẹ̀bi mi ni.* Ó fọwọ́ sí i, ó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka ìwé náà. "Ṣó di dandan kó o kọ ọgbọ̀n yẹn?"

"Mo rí i, àbí mi ò rí i?"

Wọ́n yí àwọn àgbá jáde. Awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, mo ti sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì dé orí nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn! Ọ̀gá yìí fẹ́ràn ọkọ̀ o."

"Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an," ni Ìyá Asẹ́ wí. "Máa lọ."

Nígbà tí ọkọ̀ ti ṣí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ó fi aṣọ iṣẹ́ kọ́, ó ti yàrá pa. Ó gba ẹ̀yìnkùlé. Táàpù náà ṣì ń kán. Ó fún un pa, ó sì ń lọ sílé.