Nọ́ọ̀sì Tó Jókòó Sórí Àga Mi

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ ẹ̀rọ tí ọsibítù fún ọkọ mi láti máa fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nílé. Tó bá ti so ó mọ́ apá láàárọ̀, nọ́ọ̀sì kan á rí bó ṣe ga tó lórí fóònù tiẹ̀ ní ọsibítù lọ́hùn-ún, á sì pè é. Bàbá tí kì í bá mi sọ ju gbólóhùn méjì lọ kó tó jẹun, ẹ̀rín ló máa ń rín sí i.

Mo wá lálàá mọ́jú òní pé mo bá nọ́ọ̀sì náà lórí àga mi. N ò rí i rí, àmọ́ mo mọ̀ pé òun ni. Gèlè ìgbéyàwó mi ló so mọ́ ọkọ mi lápá. Gèlè náà ń wú títí ó fi kún pálọ̀, ó sì tì mí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ìyàwó rẹ̀ ni mí."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà, orúkọ yín ò sí lórí fóònù mi."

Ni ilé bá di ọkọ̀ ojú omi, ó gbé àwọn méjèèjì lọ.

Tìbínú-tìbínú ni mo jí. Bàbá ṣì wà nílé ìwẹ̀, mo so ẹ̀rọ náà mọ́ apá ara mi. Kò pẹ́, fóònù rẹ̀ dún, mo sì gbé e.

"Bàbá, ó ga jù lónìí. Kí ló dé?"

"Èmi ni. Ìyàwó rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Mà, ẹ rọra jókòó. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ yìí."

Jọ̀ọ́, sìn mí lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì tún fẹ́ rí ojú rẹ̀.