Òkun Inú Pálọ̀

Nígbà tí Mùtàlíbù, akọ̀wé káńsù, ní kí káfíńtà kan àpótí onígíláàsì sí pálọ̀ òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé nítorí ọ̀làjú ni. Ìbàdàn ti ní tẹlifíṣàn. Ó yẹ kí Ìjẹ̀bú-Igbó náà ní òkun tirẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí òun ti mú Ìbíkẹ́, ìyàwó òun, kúrò létí òkun níwájú Ibiade, àti pé bí òjò bá ti ń rọ̀, ojú fèrèsé ni obìnrin náà máa ń dúró sí, tí yóò máa tẹ́tí.

Japheth, àbúrò Ìbíkẹ́, ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé omi òkun dé Ibiade nínú ìgò ńláńlá, kó tó wá wọ lọ́rì. Ó tún kó òkúta tí ìgbín òkun lẹ̀ mọ́ wá, àti ẹja abilà mẹ́ta tí kò gùn tó ìka. Láràárọ̀, Mùtàlíbù a wọ agbádá, a kúnlẹ̀, a máa fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Àlejò kan yọjú lọ́jọ́ kan, ó rò pé ìrun ló ń kí, ó rọra padà.

Kí oṣù tó pé, ẹja kan kú. Èkejì tẹ̀ lé e. Ìbíkẹ́ sin wọ́n sídìí igi ọsàn.

"Bàbá Abibat, bí èyí tó kù bá lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé gíláàsì yìí kúrò. N kò lè máa wo ohun tó ń kú nítorí mi."

Ẹnu ya Mùtàlíbù. Ta ló sọ fún un pé nítorí rẹ̀ ni?

Omi inú àpótí ti tún fà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbé ìgò Japheth, bó ti máa ń ṣe.

"Kí lẹ fẹ́ dà síbẹ̀?"

"Omi òkun. Ẹja òkun, omi òkun. Ó wà nínú ìwé."

Ìbíkẹ́ ti ìka bọ omi inú gíláàsì, ó tọ́ ọ wò, ó yọ ṣùtì. "Ìwé! Bí ìkọ́kọrẹ́ bá ń gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ lẹ máa ń bù sí i?"

"Omi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ wo etí gíláàsì." Ó funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. "Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Ẹ̀yin sì ń da iyọ̀ lé iyọ̀. Omi òjò ló ń fẹ́."

"Omi òjò á pa á!"

"Òjò kì í wá rọ̀ sórí òkun tiwa ni?"

 Akọ̀wé bọ́ agbádá, ó mú ife, ó lọ sídìí àmù omi òjò.

"Ẹ rọra o," ni Ìbíkẹ́ wí. "Ife kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, kí ó má baà bá ọmọ-ọlọ́mọ lójijì."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹja náà fẹ̀gbẹ́ ti òkúta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jáde wá gba edé.

Ní Jímọ̀, àlejò kún pálọ̀. Mùtàlíbù ká apá agbádá sókè. "Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni," ó bẹ̀rẹ̀. "Èmi fúnra mi ṣàkíyèsí pé..."

Ó rí Ìbíkẹ́ tó jókòó ti gíláàsì, tó ń fa ìka lára rẹ̀, tí ẹja abilà ń tẹ̀ lé ìka náà lọ, tó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ yí lẹ́nu ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Abibat ló kọ́ mi," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni."

"Ìkọ́kọrẹ́," ni Ìbíkẹ́ sọ, láìgbójú kúrò lára ẹja.