Ẹ̀ka Tí Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ Gé

Sísọ́ọ̀sì pa ẹnu dé, ẹ̀ka kékeré náà já bọ́ tewé-tòdòdó, àdàbà tó ràdọ̀ bo àwọn ọmọ rẹ̀ sì fò pàrà lọ sórí wáyà iná. Obìnrin tó gé ẹ̀ka kò tilẹ̀ wo ibi tí ẹyẹ gbà. Ìtẹ́ tó ti hàn kedere ló ń wò, àti ọmọ àdàbà méjì tó fara ti ara wọn nínú rẹ̀. Ìyẹ́ wọn ò tíì hù tán, wọ́n rí wúruwùru bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ yẹn," ó wí fún wọn, bó ṣe máa ń wí fún ìyàwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá tún ìborí ṣe. "Ẹ má mira o. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá nìyẹn. Tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Rẹ́rìn-ín-díẹ̀. Láti nǹkan bí ogún ọdún tó ti ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, kò tíì sẹ́ni tó dúró síwájú kámẹ́rà rẹ̀ tí kò fẹyín. Ọkọ ìyàwó tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ìyakọ tí ìyàwó ò tẹ́ lọ́rùn, òun náà rẹ́rìn-ín, bí ẹ̀rín ọ̀hún ò tilẹ̀ kọjá ètè. Bí aṣọ bá ká, Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ á tẹ́ ẹ. Bí àgbọ̀n bá wálẹ̀, á fìka kan gbé e sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀.

Àmọ́ ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ìgbéyàwó ti ń sú u. Labalábá kan ló fà á. Ó bà lé fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin yìí sì fi lẹ́ńsì tó fi máa ń ya òrùka ìyàwó wò ó, eré ló kà á sí. Ohun tó ti ń pè ní àtíkè lára ìyẹ́ labalábá láti kékeré, ìpẹ́ ni! Ìpẹ́ wínníwínní tí a tò léra bíi páànù orí ilé, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó gbàgbé omi tó gbé kaná. Ta ló wá jókòó ṣe irú iṣẹ́ yìí sára ohun tí kò ní lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láyé?

Láti ìgbà náà ló ti ń dọdẹ kiri ìgboro: oyin lórí òdòdó ẹ̀bá títì, aláǹtakùn lábẹ́ àga ibùdókọ̀, alángbá lára ògiri ilé ìfowópamọ́. Ó kó wọn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan tó máa ń gbé fọ́tò ẹranko, kòkòrò àti òdòdó jáde. Obìnrin tó jẹ́ olóòtú níbẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà.

"Ẹ mọ iṣẹ́ yín dunjú, mà," olóòtú ní. "Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò yín ló dà bíi pé ó ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn, torí òótọ́ ni. Ìrì tó wà lórí òwú aláǹtakùn yẹn, òun ló figò omi fín in. Síbẹ̀ olóòtú fún un láyè kan sí i: fọ́tò kan fún iwájú ìwé tó ń bọ̀, nípa àwọn ẹ̀dá tó ń bá wa gbé àárín ìgboro. Bó bá dára, yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́ lọ, á wọ igbó, á dé etí odò, á sì dágbére fún ìborí ìyàwó. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lónìí ni fọ́tò gbọ́dọ̀ dé.

Ìdí nìyẹn tó fi wà nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ilé-iṣẹ́ kan ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, níbi tí igi òdòdó kan dúró sí lẹ́bàá ògiri. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló júwe ìtẹ́ náà fún un, ọkùnrin tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Ta-nìyẹn, nítorí pé ohun tó máa ń bi ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ nìyẹn láràárọ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa.

Oòrùn ta sínú ìtẹ́ yòò. Iṣẹ́ yá. Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ yà á lọ́tùn-ún, ó yà á lósì. Kò pẹ́, ọmọ ẹyẹ kan la ẹnu. Èkejì náà la tirẹ̀ gbàgà.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín!" ó kígbe.

Ta-nìyẹn di ikùn mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà le o! Ẹyẹ pàápàá ò ríbi sá sí."

Ó fa fọ́tò náà tóbi lójú kámẹ́rà kó lè gbádùn rẹ̀. Ó dára ju ohunkóhun tó ti yà rí lọ: ẹnu méjì tó là sókè sí ìmọ́lẹ̀, bíi pé orin ni wọ́n ń kọ. Ó ṣí èyí tó tẹ̀lé e. Ẹnu ṣì là. Òmíràn. Ẹnu ṣì là. Ó gbójú kúrò lára kámẹ́rà, ó wo àwọn ẹyẹ fúnra wọn. Ọ̀fun wọn ń gbọ̀n pìpìpì. Ọ̀kan ti gbọ́rùn lé etí ìtẹ́, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Mímí ni wọ́n ń mí, bí ajá ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú ooru. Oòrùn ń pa wọ́n.

"Mo gbé!" ó ní. "Ẹ̀ka yẹn ni òrùlé wọn."

Àdàbà ò náání à ń kùngbẹ́. Iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Ẹyẹ tó níyẹ̀ẹ́ lapá ni wọ́n pa á lówe fún. Èyí tí kò tíì ní ńkọ́? Ó he ẹ̀ka náà nílẹ̀, ó fi okùn bàtà rẹ̀ so ó padà, àmọ́ ewé ti rọ, ẹ̀ka sì doríkodò. Ó rántí agbòòrùn funfun tó fi máa ń da ìmọ́lẹ̀ sójú ìyàwó. Ó gbé e dúró lórí ọ̀pá rẹ̀; afẹ́fẹ́ taari rẹ̀ lulẹ̀. Ó tún un gbé, ó tún ṣubú, díẹ̀ ló kù kó wó lu ìtẹ́. Ó wá fọwọ́ méjèèjì di agbòòrùn náà mú, ó na apá títí òjìji fi bo àwọn ọmọ náà, ó sì dúró.

Lórí wáyà, àdàbà ń wò ó.

"Ẹ jẹ́ n gbà á lọ́wọ́ yín," Ta-nìyẹn wí, ó ń bọ̀. Ẹyẹ náà fò lọ sórí wáyà tó jìnnà.

"Padà, àbúrò, jọ̀ọ́. Èmi ló ti ń dá mọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Wọ́n mà ní béèyàn bá ti fọwọ́ kan ìtẹ́, ìyá wọn ò ní padà mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ta-nìyẹn ronú lọ títí. "Mi ò mọ ẹni náà."

Òjìji ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́hùn-ún. Ìgbà tó bá rìn dé ìdí igi òdòdó ni oòrùn ò ní rí àwọn ọmọ náà mọ́, òjìji kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Òógùn ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, kò lè nù ún. Èèrà kan gun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bu ú jẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oyin ń ti inú òdòdó kan bọ́ sí òmíràn níwájú imú rẹ̀, ìyẹ̀fun òdòdó kún itan rẹ̀ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó kà á sí nínú gbogbo wọn. Ó yà á lẹ́nu bí ìyẹn ṣe dùn mọ́ ọn tó.

Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò tó gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ta-nìyẹn gbé e, ó sì rọra rìn wá dé ìdajì ọgbà.

"Olóòtú ni o. Wọ́n ti fẹ́ ṣíwọ́. Wọ́n ní ṣé fọ́tò ti wà?"

Kámẹ́rà rọ̀ sí i lọ́rùn. Ẹnu méjèèjì wà nínú rẹ̀, wọ́n là, wọ́n sì dára. Igbó wà nínú rẹ̀, odò wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?

"Sọ fún wọn pé kò sí."

"Èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

"Ẹ̀rín kọ́ ni."

Ta-nìyẹn wò ó, ó wo ìtẹ́, ó sọ bẹ́ẹ̀ sínú fóònù, ó sì pa á. Ó dun Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ débi pé omi lé ròrò sí i lójú.

Ìgbà yẹn ni nǹkan fẹ́ fìì létí rẹ̀, tó sì bà lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún.

Ẹsẹ̀ pupa, ó di awọ ara rẹ̀ mú ṣinṣin. Ibi tí ẹ̀ka yẹn wà tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ wà báyìí, orí ẹ̀ka yẹn ló sì jọ pé àdàbà máa ń bà kó tó wọlé. Kò wúwo ju ìborí ìyàwó lọ. Ó yí ojú kan sí i, roboto, ó pupa rúsúrúsú, dúdú wà láàárín rẹ̀; nínú dúdú yẹn obìnrin kan wà, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, tó gbé agbòòrùn funfun lọ́wọ́. Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ò mí.

"Ẹ̀gbọ́n," Ta-nìyẹn ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ti gbé fóònù sójú, "ṣé kí n yà á?"

"Má mira," ó dáhùn láìyanu.

Àdàbà sọ̀ sínú ìtẹ́. Ọmọ tó gbọ́rùn lélẹ̀ gbé orí, ó ki ẹnu bọ ẹnu ìyá rẹ̀ títí dé ọ̀fun, èkejì náà ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ara ìyá ń mì bó ṣe ń pọ oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ò mọ̀ rí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹun. Ogún ọdún tó ti ń wo nǹkan láti inú dígí, kò mọ̀.

Òjìji ilé-iṣẹ́ rìn dé nígbà tó tó àkókò. Ó bo bàtà rẹ̀, ó bo orúnkún, ó bo ìtẹ́. Ó sọ agbòòrùn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá ò fò. Apá ń ro ó, èjìká ń ro ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń ro ó, èyí sì ṣe é ní kàyéfì. Ó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rín ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí òun ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó rín in.