Àwọ̀ Tó Ṣí

"Wọ́n ti ṣí," ni Ẹlẹ́ja wí.

Ọ̀rọ̀ náà ba ìyá níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó dáwọ́ aṣọ ọmọ tó ń ká dúró. Alágbàfọ̀ ni títí ara fi kọ̀ ọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń ba alágbàfọ̀ lẹ́rù tó ìyẹn. Bí aṣọ bá ya, a lè rán an. Bí ó bá rún, a lè lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá ṣí lọ́wọ́ ẹni, ojú ẹni kò lè ko ti oníbàárà mọ́.

Ẹlẹ́ja, ọmọkùnrin tí wọ́n ń sanwó fún láti máa wá tọ́jú ẹja, tẹ̀ mọ́ àpótí gíláàsì ńlá tó wà ní pálọ̀. Omi iyọ̀ ni inú rẹ̀. Ẹja díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n torí iyùn ni ọkọ ọmọ ìyá ṣe rà á. Kì í ṣe iyùn ọrùn o. Iyùn ààyè ni, tó ń hù lórí òkúta, òmíràn bí olú, òmíràn bí ìwo àgbọ̀nrín. Nígbà tí ìyá kó wá síbẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ní, bí ẹni tó ti inú ẹrẹ̀ bọ̀. Ní báyìí, wọ́n funfun báláú.

Orúkọ tí àwọn oníbàárà fún ìyá gan-an nìyẹn: Ìyá Báláú. Bí iyùn náà ti ń funfun sí i ni inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ó tilẹ̀ ti pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó. "Ṣé o rí i? Ìdọ̀tí ló bò wọ́n tẹ́lẹ̀." Ọmọ rẹ̀ tó ń fún ọmọ lọ́mú ní, "Ẹ ṣé o, Màmá." Kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá," ni Ẹlẹ́ja tún wí, "ẹnì kan ti fa iná yìí sókè. Ìdajì ni mo fi í sí. Oúnjẹ iyùn tí mo fi sílẹ̀ náà kò dín. Ta ló ń bọ́ wọn?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan," ni ọkọ ọmọ ìyá dáhùn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. "Ìwọ lò ń tọ́jú wọn. Ìwọ ni kó o sọ ohun tó ṣe wọ́n."

"Ọ̀gá, àwọ̀ tẹ́ ẹ máa ń rí lára iyùn kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tíntìntín ló ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Àwọn ló ń wá oúnjẹ fún un. Bí iná bá wá pọ̀ jù, tí oúnjẹ sì wọ́n nínú omi, gbogbo wọn á kẹ́rù jáde. Ẹ má pe ìyẹn ní funfun. Egungun lẹ̀ ń wò. Ebi ń pa á."

Egungun. Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Àràárọ̀ ló ń fọ kànrìnkàn tó ń sẹ́ omi náà, títí á fi mọ́ nigínnigín. Ó fa iná sókè kó lè rí àbàwọ́n dáadáa, torí oòrùn ni ọ̀rẹ́ aṣọ funfun. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọkọ ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó máa bu oúnjẹ ẹja àti ti iyùn sínú omi nírọ̀lẹ́, ààbọ̀ ló ń ṣe nínú rẹ̀. Ti iyùn jẹ́ lúbúlúbú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bù ú síbẹ̀, omi dàrú. Ta ló ń da eruku sínú omi ìṣanṣọ? Kò bù ú mọ́.

"Bóyá bílíìṣì lo dà síbẹ̀," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ wí.

"Ọ̀gá! Ṣé mo jọ alágbàfọ̀ lójú yín ni?"

Etí ìyá gbóná. Ó ká aṣọ ọmọ kan, ó tú u, ó tún un ká.

"Mo ti sọ fún máníjà wa ní òtẹ́ẹ̀lì," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ wí. Kúùkù ni níbẹ̀. "Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíì fún àpótí tiwọn."

Ẹlẹ́ja yíjú sí i. "Kẹ́ ẹ tó bi mí? Ọ̀gá, iṣẹ́ yẹn ni mo ń retí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo ń pa iyùn, ta ló máa tún pè mí wọlé?"

Ẹlẹ́ja kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ìyá ti fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun dá rán òun níṣẹ́, ìyẹn ò ṣeé gbé mì.

"Dìde," ló wí. "Èmi ni."

"Màmá, ẹ lọ sinmi," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ sáré sọ. Kò bi í pé kí ló ṣe.

Ìyá wò ó lójú. "O ti mọ̀."

Ó wolẹ̀. "Mo rí yín níjọ́ tẹ́ ẹ ń fa iná yẹn. Ìyá ìyàwó mi ni yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé kẹ́ ẹ yọwọ́?"

"Lo bá gbé e ka ọmọ ọlọ́mọ lórí."

"Ẹ má bínú, Màmá." Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dúró ńbẹ̀. Ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? O jẹ́ kí n máa fi àìmọ̀ yangàn nínú ilé rẹ. Pe máníjà yín."

Ó pè é. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ja ni. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹnì kan nílé…"

"Ìyá ìyàwó mi," ni ìyá fi sí i lẹ́nu.

"Ìyá ìyàwó mi ni, sà." "Èmi náà rí i. N ò sọ̀rọ̀."

Ojú ti ìyá bí ẹni tí wọ́n tú ìró ìdí rẹ̀ níta. Máníjà ní òun á rò ó wò. Kò ṣèlérí.

"Ṣé àwọ̀ wọn á padà?" ni ìyá bi Ẹlẹ́ja.

"Ti àwọn kan lè padà, Ìyá. Àwọn kan ti lọ."

Ìyá dìde, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì iná, kó lè fà á wálẹ̀ pátápátá.

"Màmá." Ohùn ọkọ ọmọ rẹ̀ gbọ̀n. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń dín in kù."

Ìyá yọwọ́. Ó dùn ún.

"Ohùn rẹ ń gbọ̀n," ló wí. "Tún un sọ, kó má gbọ̀n."